ÌJÁNU ỌKỌ̀ ÀTI ÀWỌN OLÙṢỌ́ RẸ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìyesí ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí ọkọ̀ oríṣiríṣi tí ń kọjá lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò. Tírélà tí ó ru ẹrù ilé iṣẹ́ ń bọ̀, bọ́ọ̀sì akérò ń bọ̀, ọ̀kadà ń gba àárín wọn kọjá. Àgbẹ̀ tí ó ti Àtàn gbé gbágùúdá àti ẹ̀fọ́ wá sí ọjà náà wà láàárín wọn. Ọmọ ilé-ìwé ń sáré kọjá títì. Ní ìgbà òjò, omi a bo ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ tí táyà ọkọ̀ ńlá gbé wá láti ẹ̀gbẹ́ títì a sì mú kí ọ̀dà máa yọ̀. Ní irú ibẹ̀, ẹ̀mí púpọ̀ rọ̀ mọ́ ohun kan: pé kí ọkọ̀ lè dúró nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ kí ó dúró, kí ó sì yà sí ibi tí awakọ̀ bá darí rẹ̀ sí.

Ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró ni ìjánu, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bíréèkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń rìn lónìí ni ó ní ìjánu irú kan tí a fi lẹ́tà mẹ́ta mọ̀, èyíinì ni ABS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí táyà má ṣe há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gidigidi. Àwọn tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ yìí sì ń mú kí àwọn kan máa fi owó ara wọn ba ohun tí a ṣe láti dá ẹ̀mí wọn sí jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ìdí tí táyà tí ó há fi léwu

Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ó sì fún bíréèkì ẹ̀yìn pa lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ a dẹ́kun yíyí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní dúró. A máa wọ́ lọ lórí iyanrìn, ìdí rẹ̀ a sì máa fì sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ó há, bí ó ti wù kí ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó, kò ní yà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ rí. Táyà tí ń yí ni ó lè di ilẹ̀ mú dáradára. Táyà tí ó há kò yàtọ̀ sí pákó tí a ń wọ́ lórí ẹrẹ̀. Awakọ̀ lè yí sìtíárìn títí, ọkọ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀. Ibi tí ó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ni yóò máa lọ.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀ pé lórí ọ̀dà, ìjánu a máa lágbára jù lọ nígbà tí yíyí táyà bá lọ́ra díẹ̀ ju ìrìn ọkọ̀ lọ, bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n yìí títí táyà fi há pátápátá, agbára ìdádúró a dín kù, agbára láti yà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Nígbà àtijọ́, a máa ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, kí wọ́n máa tẹ bíréèkì, kí wọ́n sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀ léraléra, kí táyà má baà há. Ẹ̀kọ́ rere ni èyí jẹ́ fún ọkọ̀ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè yára tó bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan kò lè bá táyà mẹ́rin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ni a kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbáyọ yìí fún, nítorí pé táyà rẹ̀ lè bẹ́ bí ó bá há nígbà tí ó ń balẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé iṣẹ́ Dunlop ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Maxaret fún un. Ní ọdún 1966, a fi irú ẹ̀rọ yìí sí ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jensen FF. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1978, ilé iṣẹ́ Bosch àti Mercedes-Benz ti ilẹ̀ Jámánì gbé irú èyí tí iná mànàmáná ń darí jáde, òun ni ó sì tàn kálẹ̀ ayé. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ ọ́ di dandan fún orí tírélà tuntun tí ń lo ìjánu afẹ́fẹ́ láti oṣù kẹta ọdún 1997, àti fún ẹ̀yìn tírélà láti oṣù kẹta ọdún 1998. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà ní ilẹ̀ wa fi ní i, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ni a ti kọ́kọ́ lò wọ́n.

Olùṣọ́ tí ó wà ní ìdí táyà

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú tí ìjánu yìí fi ń ṣọ́ ọ̀nà ni àwọn ohun kékeré tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kan ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Òrùka irin kan wà níbẹ̀ tí ó ní eyín yíká bí eyín òòyà, òrùka yìí sì ń bá táyà yí. Sẹ́ńsọ̀ kì í yí ní tirẹ̀; ó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín wọ̀nyí, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì kéré púpọ̀, nǹkan bí mìlímítà kan.

Nínú sẹ́ńsọ̀ irú ti ìṣáájú, òòfà kan wà, èyíinì ni irin tí ń fa irin mọ́ra, a sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé e ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Nígbà tí eyín irin kan bá kọjá níwájú rẹ̀, agbára òòfà tí ń la wáyà náà kọjá a pọ̀ sí i. Nígbà tí àlàfo àárín eyín méjì bá kọjá, agbára náà a dín kù. Bí agbára òòfà bá sì ń pọ̀ tí ó ń dín kù báyìí, iná mànàmáná díẹ̀ a máa jáde nínú wáyà tí a wé. Eyín kọ̀ọ̀kan ń tipa bẹ́ẹ̀ fi ìgbì iná kékeré kan ránṣẹ́. Ẹ mú òòyà kan, kí ẹ fi èékánná fa eyín rẹ̀. Bí ẹ bá fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìró rẹ̀ a máa dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fà á kíákíá, àwọn ìró náà a so pọ̀. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń mọ bí táyà ti ń yára yí tó.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní òrùka náà ní eyín 48, kí táyà sì máa gba mítà 2 ilẹ̀ nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà táyà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, eyín 480 ni ó sì ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ láàárín àkókò kúkúrú náà. Kò sí ojú ènìyàn tí ó lè kà á.

Sẹ́ńsọ̀ àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé yàtọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń fún un ní iná tí ó ń lò, ó sì lè mọ ìyára táyà àní nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra fà bí ìgbín. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, a kò lo eyín irin mọ́. Òòfà kéékèèké ni a tò yíká ojú kan lára béárìn. Kí ẹ̀yin mẹkáníìkì kíyè sí èyí: bí a bá yí irú béárìn bẹ́ẹ̀ dà nígbà tí a ń fi í sí ipò, tí ojú tí ó ní òòfà kò kọ sí sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ kò ní rí ohunkóhun kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé titun ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ohun tí ó sábà máa ń fọ́ olùṣọ́ yìí lójú kò ṣòro láti mọ̀. Ìpẹ́pẹ́ irin tí ń já lára bíréèkì lè lẹ̀ mọ́ òòfà rẹ̀. Ìpàtà lè wú lábẹ́ òrùka eyín, kí ó sì mú kí ó sán. Béárìn tí ó ti jẹ lè mú kí àlàfo náà máa fẹ̀ kí ó sì máa dín. Wáyà rẹ̀, tí ń tẹ̀ tí ó sì ń nà bí táyà ti ń yà, lè já. Bí a bá sì fi táyà tí ó tóbi tàbí tí ó kéré ju àwọn ìyókù lọ sí ẹsẹ̀ kan, ìyára ẹsẹ̀ náà yóò yàtọ̀, ìròyìn tí olùṣọ́ náà ń mú wá yóò sì máa ṣini lọ́nà.

Àwọn súwíìṣì

Yàtọ̀ sí sẹ́ńsọ̀, àwọn súwíìṣì wà pẹ̀lú. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ iye, ṣùgbọ́n súwíìṣì kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ti iná inú ilé tí a tàn tàbí tí a pa.

Èkíní wà ní ìdí pẹ́dà bíréèkì. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ti kan pẹ́dà náà, súwíìṣì yìí yóò tan iná pupa tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ dúró. Òun kan náà ni ó ń sọ fún ABS pé awakọ̀ ti tẹ ìjánu. Bí ó bá bàjẹ́, ewu rẹ̀ di méjì: ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí àmì, ABS náà kò sì ní gbọ́ ìròyìn tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ó rọrùn láti dán an wò: kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹlòmíràn tẹ pẹ́dà, kí wọ́n sì rí i bí iná bá tàn nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì kú nígbà tí a jọ̀wọ́ rẹ̀.

Èkejì wà nínú ìkòkò ọ́ìlì bíréèkì ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ohun fífúyẹ́ kan ń léfòó lórí ọ́ìlì náà, bí igbá ti ń léfòó lórí omi. Bí ọ́ìlì bá fà, ohun náà yóò sọ̀ kalẹ̀, súwíìṣì yóò sì tan iná pupa níwájú awakọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná pupa kan náà ni súwíìṣì bíréèkì ọwọ́ ń tàn. Bí a bá ti sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀ tí iná pupa kò sì kú, kí awakọ̀ má ṣe gbéra títí a ó fi wo ìkòkò ọ́ìlì náà.

Bí àwọn ìròyìn wọ̀nyí ti ń di iṣẹ́

Gbogbo ìròyìn wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí í ṣe ọpọlọ ìjánu náà. Ó ń fi ìròyìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn láìdáwọ́dúró. Bí ó bá rí i pé yíyí táyà kan ń lọ sílẹ̀ lójijì ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti lè lọ́ra lọ, ó mọ̀ pé táyà náà fẹ́ há.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni àpótí irin kan wà tí páìpù ọ́ìlì bíréèkì gbà kọjá. Nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré méjì wà fún ìjánu táyà, tí iná mànàmáná ń ṣí tí ó sì ń tì. Àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n ní fáàfù. Nígbà tí táyà bá fẹ́ há, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yóò tì, kí agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ má ṣe kún ti ìjánu táyà náà mọ́. Bí ó bá ṣì ń fẹ́ há, ilẹ̀kùn kejì yóò ṣí, ọ́ìlì díẹ̀ yóò jáde, ìjánu yóò dẹ̀, táyà yóò sì tún yí. Pọ́ǹpù kékeré kan yóò dá ọ́ìlì náà padà, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yóò tún ṣí, ìjánu yóò sì tún mú. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ ní bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdí nìyí tí pẹ́dà fi máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ìró gìrìgìrì sì máa ń jáde nígbà tí ABS bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù a máa ba ẹni tí kò mọ̀. A rò pé nǹkan ti já, a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó ti jọ̀wọ́ ìjánu nìyẹn ní àkókò tí ó nílò rẹ̀ jù lọ. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gbọn-in, kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀, kí ó má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kí ó sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó sì darí ọkọ̀ kúrò níwájú ohun tí ó fẹ́ kọlù.

Irú ètò kan náà ni ti tírélà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń lò dípò ọ́ìlì. Bí táyà ẹ̀yìn tírélà bá há lórí ilẹ̀ yíyọ̀, ẹ̀yìn náà lè fì síwájú kí ó sì ká mọ́ orí rẹ̀ bí ọ̀bẹ aláká, kí ó sì gbá gbogbo ohun tí ó wà lójú títì lọ. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó bá so páìpù afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tírélà tí ó sì fi okùn iná ABS rẹ̀ sílẹ̀ láìso ti di ojú olùṣọ́ rẹ̀.

Iná tí ń kìlọ̀

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan olúkúlùkù. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, iná kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn pípọ́n, tí a kọ ABS sí, yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò wo àwọn sẹ́ńsọ̀ àti wáyà wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, iná náà yóò kú. Bí ó bá kọ̀ tí kò kú, tàbí tí ó tàn lójú ọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ABS ti rí àbùkù, ó sì ti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ dúró. Ìjánu lásán ṣì wà, ọkọ̀ ṣì lè dúró, ṣùgbọ́n táyà lè há. Kí awakọ̀ dín eré kù, kí ó sì mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí iná pupa ti bíréèkì bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, kí ó wá ibi tí kò léwu dúró sí lójú kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn kan ń ṣe? Wọ́n a ní kí àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe yọ gílóòbù iná náà, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó. Àwọn tí ń ta ọkọ̀ tí kò sì bẹ̀rù ìrẹ́jẹ a so ó mọ́ iná mìíràn, kí àwọn méjèèjì lè máa tàn kí wọ́n sì máa kú pọ̀, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á lè rò pé kò sí àbùkù. Èyí dà bí ẹni tí ó fi okùn di ẹnu ajá rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó lóru. Ilé yóò pa rọ́rọ́, onílé yóò sì sùn dáradára, ṣùgbọ́n olè kò padà lẹ́yìn. Nígbà púpọ̀, wáyà tí ó já tàbí ìdọ̀tí ojú sẹ́ńsọ̀ ni gbogbo ohun tí iná náà ń ké sí wa láti tún ṣe.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ti Kùtọnu gba ẹnu ibodè wọlé, kí ìjọba tó fi òfin dá gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé dúró láti oṣù kìíní ọdún 1917 + 100, èyíinì ni 2017. Ọ̀nà yòówù kí ọkọ̀ gbà dé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á fúnra rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì wo iná ABS kí ó tó wo ọ̀dà ara ọkọ̀. Bí iná náà bá tàn tí ó sì kú láàyè ara rẹ̀, ó dára. Bí kò bá kú, àbùkù wà. Bí kò bá tàn rárá, yálà ọkọ̀ náà kò ní ABS, tàbí ẹnì kan ti pa á mọ́; kí ó bèèrè kí ó tó san owó.

Ohun tí ABS kò lè ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ABS kí ó wá máa sá eré àsápajúdé. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ìjánu yóò jẹ kí ó tó dá a dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tí ó lè yí èyí padà. Táyà tí ó ti bó kò ní di ilẹ̀ mú, bí kọ̀ǹpútà ti gbọ́n tó. Lórí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tí ó wà ní ojú ọ̀nà oko wa, ọkọ̀ tí ó ní ABS lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dúró ju èyí tí táyà rẹ̀ há lọ, nítorí pé táyà tí ó há a máa kó iyanrìn jọ síwájú ara rẹ̀ bí ìdènà. Àǹfààní ABS níbẹ̀ ni pé awakọ̀ ṣì lè yà. Nítorí náà, kí á rọra sáré lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí á sì jìnnà sí ọkọ̀ tí ó wà níwájú.

Kí á má ṣe da omi ọṣẹ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ìkòkò bíréèkì. Ọ̀nà láti pa àwọn rọ́bà àti ilẹ̀kùn kéékèèké wọ̀nnì nìyẹn. Ọ́ìlì bíréèkì gan-an a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ó bá ti pẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ìwé ọkọ̀ bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ọ̀sì tí ń kó ọmọ ilé-ìwé, ẹgbẹ́ tàbí ìjọ, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún awakọ̀ nìkan. Ẹ dúró tì í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo iná náà bí ó ti tàn àti bí ó ti kú. Kí ẹ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ wo iná bíréèkì. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.